Funfun Kan Lórí Ẹyinjú

Kí Ìyàwó tó fẹ́ Awakọ̀ ni wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kì í ṣe ọkọ nìkan ló ń fẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ wà nínú ẹrù náà. Ó fi ṣe ẹ̀rín. Aránṣọ ni, ó ti mú aṣọ tó le ju pákó lọ rọ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì gbà pé kò sí ẹ̀gbọ́n ọkọ tí sùúrù ò lè mú rọ̀. Ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, níbi tí àwọn ọmọ ti máa ń pín àpólò fún ara wọn bí ẹni pín bisikíìtì. Ìgbà tó wá délé tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè dilẹ̀, ó sọ yàrá iwájú di ibi tó ti ń wo ojú àti ẹnu fún aráàdúgbò. Ojú àti ẹnu nìkan o. Ẹni tó bá gbé inú rírun wá, yóò ní, "Ọ̀nà ọsibítù ò tíì dí," yóò sì sìn ín jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Yàrá náà mọ́ bí inú ẹyin. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àga onígi kan sì wà lójú fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sójú ẹni tó bá jókòó. Kọ́bọ́ọ̀dù funfun onígíláàsì wà ní kọ̀rọ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn Àǹtí tọ̀sán-tòru. Ike òwú, tọ́ọ̀ṣì, àti ṣíbí tó ń fi ìdí rẹ̀ tẹ ahọ́n mọ́lẹ̀ wà lórí tábìlì, ó tò wọ́n bí ẹni tò wọ́n fún àlejò pàtàkì.

Ó mọ iṣẹ́, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ojú tó ń ṣepin, omi tó ti hó tó sì ti tutù ni yóò fi nù ún, láti ẹ̀gbẹ́ imú síta, òwú kan fún ojú kan, kò ní padà lo èyí tó ti lò. Yóò wá dojú kọ ìyá ọmọ: "Tówẹ̀lì ọmọ yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìwọ náà, fọ ọwọ́ ẹ. Àpólò ò ní ẹsẹ̀, ọwọ́ yín ló ń gùn kiri." Bó bá jẹ́ kókó ló yọ sétí ìpéǹpéjú, aṣọ tí a rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kí wọ́n máa fi lé e títí yóò fi tú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi èékánná fún un kó tó wá, gbà-gbà-gbà ni yóò gbọ́ èébú. Egbò kékeré inú ètè, èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn gbádùn ọbẹ̀, omi iyọ̀ ni yóò ní kí wọ́n máa fi yọ ẹnu, kí wọ́n jìnnà sí ata fúngbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí aláìsàn lọ kó tó sọ ọ́. "Ojú pupa, ẹ mú un wá. Ojú tó ń ṣepin, ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n bó bá ń dun yín wọnú orí, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un bí abẹ́rẹ́, tí ẹ wá rí funfun kan lórí dúdú ẹyinjú, ẹ má jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi. Ẹ máa sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ojú ò ní arọ́pò."

Nígbà tí Ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, òun ló ń bá a mú tọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi di àgbọ́sórí. Àǹtí a máa fi ọ̀rọ̀ dídùn pè é, "Ìyàwó wa, sún mọ́bí, wò ó dáadáa kó o lè mọ̀ ọ́n." Ìyàwó rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Kò mọ̀ pé obìnrin tí òbí rẹ̀ kú tì í, tó tọ́ àbúrò rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ mímu títí dórí ọkọ̀ ẹrù wíwà, tí ọkọ mẹ́ta wá tó kọ̀ nítorí àbúrò yìí, kò lè fi ẹ̀rín lásán gba ẹni tó wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló fi ń rín in.

Ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ikọ́ tó le díẹ̀ mú Ìyàwó, Àǹtí ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fún un ní kápúsù, ikọ́ sì lọ. Bí ikọ́ ṣe lọ tán ni ẹnu bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, bí ẹni ń jẹ òwú. Ahọ́n rẹ̀ funfun, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun bí wàrà tó dì, igun ètè rẹ̀ méjèèjì sì là, tó fi jẹ́ pé bó bá yán, ẹ̀jẹ̀ a yọ. Ta ni ì bá tún tọ̀ lọ? Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní yàrá iwájú.

Awakọ̀ wà nílé lọ́jọ́ náà. Onídìrí, aládùúgbò wọn tí ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn.

"Jókòó," ni Àǹtí wí. "Ya ẹnu. Yà á dáadáa."

Ó fi ìdí ṣíbí tẹ ahọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó. Ó pa tọ́ọ̀ṣì. Ó lọ sídìí abọ́ omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ ọwọ́. Ó fi ọṣẹ fọ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ṣàn án, ó tún fi ọṣẹ sí i.

"Kí ló ṣe é, Àǹtí?" Awakọ̀ béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó," ni obìnrin náà wí, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, "kó o tó wá sílé yìí, ọ̀dọ̀ àwọn wo lò ń gbé gan-an?"

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀gbọ́n màmá ẹ." Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Mi ò ní sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. Ṣùgbọ́n mo ti wo ẹnu fún ọdún gbọọrọ, mo mọ irú èèyàn tí ẹnu rẹ̀ máa ń rí báyìí. Láti òní lọ, ife tìẹ lọ́tọ̀, àwo tìẹ lọ́tọ̀." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ náà, o ti gbọ́. Tọ́jú ara ẹ."

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Onídìrí ti dirun fún orí bíi mélòó kan, ó sì ti di ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pé àrùn ìṣekúṣe ló wà lẹ́nu Ìyàwó. Ẹ mọ̀ pé ẹnu ni aránṣọ fi ń já òwú. Kò sí aránṣọ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí sísọ́ọ̀sì bá jìnnà sọ́wọ́. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí wá gba aṣọ wọn padà. Ọ̀kan ní àjò ló mú òun, òmíràn ní ọkọ òun ò fẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀kan ò tilẹ̀ purọ́: ó fi ìka méjì mú búláòsì rẹ̀ létí, ó gbé e bí ẹni gbé òkú eku, ó lọ.

Awakọ̀ kó lọ sórí àga pálọ̀. Kò bú u, kò lù ú. Ó kàn ń yẹra fún un bí ẹni ń yẹra fún ọ̀dà tútù lára ògiri. Bí Ìyàwó bá sọ pé, "Ẹ gbọ́, mi ò ṣe nǹkan kan, mo fi ayé mi búra," yóò ní, "Àǹtí ò ní purọ́ mọ́ ẹ. Kí ló máa rí jẹ níbẹ̀?" Àǹtí fún un ní omi iyọ̀, kò fún un ní nǹkan mìíràn. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó lọ sí ọsibítù: ó ń rò pé wọn yóò sọ ohun kan náà fún un, tí yóò wá di òótọ́. Ó gbẹ. Ó ń jókòó sídìí máṣíìnì láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó ń ka àrùn tí yóò pa á lórí ìka.

Ọ̀sán kan báyìí, ó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó pín yàrá iwájú níyà kúrò lára ibi tó ti ń ránṣọ, ìyá kan gbé ọmọ ọwọ́ wá. Ọmọ náà ò mu ọmú mọ́, ìyá rẹ̀ ń sunkún.

"Mú ọwọ́ ẹ kúrò kí n wò ó," ni Àǹtí wí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tòótọ́, èyí tó ń rín pẹ̀lú àwọn aláìsàn rẹ̀. "Òun lo ń sunkún fún? Ẹnu funfun lásán ni. Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ikọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀."

"Òun náà nìyẹn. Oògùn yẹn pa kòkòrò búburú, ó sì pa àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu mọ́ ọn. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Gba ìgò yìí, máa kán an sí i lẹ́nu lẹ́yìn tó bá jẹun, kó o sì fi pa orí ọmú ẹ náà. Má dá a dúró nígbà tí funfun bá lọ, lò ó títí dé ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé àrùn burúkú ni. Àgbà náà lè ní in?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ti lo kápúsù. Ó pọ̀ bí omi. Afọ́jú ló máa rí i tí kò ní mọ̀ ọ́n."

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹsẹ̀ Ìyàwó dúró lórí pẹ́dà máṣíìnì. Kò sunkún. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí ìyá ọmọ fi lọ, títí ó fi gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ti kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà, ó rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan tó jìnnà, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ó sọ ohun tó ń ṣe é láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ọkùnrin ibẹ̀ wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni wo bàtà, ó gbé irú ìgò kan náà fún un, ó ní kó máa pa fasilíìnì mọ́ igun ètè rẹ̀. Kò pẹ́ tí ahọ́n rẹ̀ fi pọ́n bíi ti ọmọ tuntun.

Ó fi han ọkọ rẹ̀. "Ẹ wò ó. Ẹnu mi ti dá."

Awakọ̀ wò ó, ayọ̀ sì fẹ́ yọ lójú rẹ̀. Ó pe Àǹtí. Àǹtí ò tilẹ̀ dìde. "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe," ni ó wí. "Ó máa ń lọ, ó máa ń padà." Awakọ̀ padà sórí àga pálọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ẹ̀yìn ìlọ rẹ̀ ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn gbá òkè ilé yàrá iwájú, nítorí ó rí okùn aláǹtakùn kan lókè. Èépá ọ̀dà kan jábọ́ sójú ọ̀tún rẹ̀. Ó pariwo, ó fi ọwọ́ nù ún, ó sì nù ún ju bó ṣe yẹ lọ. Ká ní aláìsàn rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀, ì bá gbá a létí.

Ojú ọ̀tún yìí nìkan ló kù tó ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọ̀ ti bo ojú òsì láti ọjọ́ pípẹ́, bí ẹni ń wo ayé láti inú èéfín ni. Wọ́n ti ní kó wá kí wọ́n bá a yọ àwọ̀ náà, ó ń ní "tó bá yá". Nọ́ọ̀sì kékeré kan tí Àǹtí ti kọ́ níṣẹ́ rí ló ti di ọ̀gá nílé ìwòsàn ojú, kò sì fẹ́ kí ọmọ náà sọ pé, "Mà, ẹ dùbúlẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó mú dígí, ṣùgbọ́n kí ni ojú èéfín fẹ́ rí? Ó pe Ìyàwó.

"Tan tọ́ọ̀ṣì. Wo dúdú ẹ̀ fún mi. Ṣé funfun kankan wà níbẹ̀?"

Ìyàwó wò ó. Kò sí. "Kò sí, mà. Ó pupa, ó sì ń somi."

"Ó dáa. Àpólò ni." Ó fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó mú oògùn kan tó máa ń jẹ́ kí pípọ́n ojú tètè rọlẹ̀, ó kán an sí i. Kì í ṣe irú oògùn tó yẹ kí wọ́n kán sí ojú tó bá ti bó nínú, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ó ti bó.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tún pè é. Ó ti ta aṣọ dúdú bo fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀ ń gún un. Ìyàwó tẹ̀ síwájú, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì rí i. Kékeré ni, kò ju orí píìnì aránṣọ lọ, funfun, lórí dúdú ẹyinjú gan-an, nítòsí àárín. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín iwájú.

"Kí lo ń wò tó bẹ́ẹ̀?" Àǹtí wí. "Sún ẹnu ẹ sẹ́yìn. Má fi ẹnu yẹn mí sí mi lójú."

Ìyàwó sún ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn.

"Mo ní kí lo rí?"

"Kò sí nǹkan kan, Àǹtí," ni ó wí. "Ó pupa ni."

Irọ́ àkọ́kọ́ ló wúwo. Àwọn tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn. Ojoojúmọ́ ni Àǹtí ń béèrè, ojoojúmọ́ ni Ìyàwó ń tan tọ́ọ̀ṣì tó ń rí i tí orí píìnì ń di hóró ìrẹsì, tí hóró ìrẹsì ń yọ etí tó dàbí ìkùukùu. Ìpin tó ń jáde ti di àwọ̀ ewé. Obìnrin náà ń kérora, ó ń di orí mú.

"Ó ń dùn mí wọ agbárí. Ìyàwó, ṣé ó dá ẹ lójú? Wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Wò ó látẹ̀gbẹ́."

"Mo wò ó látẹ̀gbẹ́, mà. Dúdú ẹ̀ mọ́ tónítóní."

"Kí ló wá dé tí mi ò ríran?"

"Ìpin ló bò ó. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé àpólò míì máa ń le bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùbúlẹ̀ padà. Ó gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ gbọ́ nǹkan tó burú jù níbẹ̀: ó gbẹ́kẹ̀ lé e, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé òun kọ́ ọ dáadáa.

Onídìrí wá kí i. Ìyàwó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ilẹ̀kùn dání. "Ẹ má wọlé o. Àpólò burúkú ni, ẹ óò kó o."

"Ẹ̀ẹ́! Jọ̀ọ́, bá mi kí i!" Onídìrí ti dé òdìkejì títì kó tó sọ ọ́ tán.

Àárọ̀ ọjọ́ kan wà tí Ìyàwó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn yàrá yẹn láti wọlé lọ sọ òótọ́. Ó gbọ́ tí Àǹtí ń sunkún nínú, ẹkún wẹ́wẹ́ bíi ti ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé. Ó ronú pé, wọn yóò bi mí pé láti ìgbà wo. Ó yọwọ́ nílẹ̀kùn, ó lọ jókòó sídìí máṣíìnì, ó mú àkísà kan, ó ń rán ojú ìlà gígùn sí i, ìlà tó tọ́ bí ọ̀pá, ó rán an títí àkísà fi tán.

Awakọ̀ dé ní ọ̀sán. Ó gbọ́ ìkérora láti ẹnu ọ̀nà. Ó ya aṣọ dúdú kúrò lójú fèrèsé, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó gbé e pọ̀n. Ọkọ̀ ẹrù gan-an ló fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú, Ìyàwó jókòó ti wọn níwájú, ó gbé orí Àǹtí lé itan rẹ̀ kó má baà máa gbá ilẹ̀kùn.

Dókítà ojú, obìnrin kékeré kan tí kì í gbé ohùn sókè, yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. "Ojú ọ̀tún ti lọ," ni ó wí. "Egbò ti jẹ ẹyinjú wọnú. A máa tọ́jú ẹ̀ kó má dùn ún mọ́, ìyẹn la lè ṣe. Ká ní ẹ mú un wá nígbà tó ṣì kéré ni, oògùn lásán ni à bá fi wò ó." Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ tó pọ̀. Funfun ni. Ẹnikẹ́ni tó bá tan iná sí i ló máa rí i. Ṣé kò sẹ́ni tó ń bá a wò ó nílé ni?"

Orí Àǹtí Nọ́ọ̀sì yí díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí Ìyàwó dúró sí, bí ẹni gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

"A rò pé àpólò ni," ni Ìyàwó dáhùn.

Nígbà tí Awakọ̀ lọ ra oògùn, àwọn méjèèjì ló kù nídìí bẹ́ẹ̀dì. Báńdéèjì ti bo ìdajì ojú Àǹtí.

"Ìgbà wo lo rí i?" ni ó béèrè, ohùn rẹ̀ gbẹ.

"Ìgbà wo lẹ̀yin mọ̀ pé ẹnu funfun lásán ló ń ṣe mí?"

Obìnrin náà fọwọ́ tún báńdéèjì rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹnu yẹn ò lè pa ẹ́."

"Ojú yìí náà ò lè pa yín," ni Ìyàwó wí. Ó fa aṣọ bò ó dé àyà, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ṣe é dáadáa.

Àǹtí ò bo ara rẹ̀ láṣìírí. Ẹ jẹ́ ká yìn ín fún ìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e délé, ó ní kí àbúrò òun jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ pé òun mọ ohun tó ń ṣe ẹnu Ìyàwó láti ọjọ́ àkọ́kọ́, òun ló fún un ní kápúsù tó fà á, òun fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lé e lọ ni. Ó sọ pé Ìyàwó náà sì rí funfun, ó rí i, ó ń sọ pé kò sí. "A ní kó fẹ́ni lójú, ó fi ata sẹ́nu," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ gbin ata."

Awakọ̀ wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ń ká aṣọ lórí itan. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ká ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ìdajì ni, bóyá ì bá gbà á gbọ́. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ jù. Bí ó bá gbà á, á jẹ́ pé ẹni tó tọ́ òun dàgbà ba ilé òun jẹ́, ìyàwó òun sì fọ́ ọ lójú, òun náà sì sùn sórí àga pálọ̀ lásán. Ta ló fẹ́ gbé irú ẹrù mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?

"Àǹtí," ni ó wí, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ọmọ, "ìrora yìí ló ń da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ yín lórí. Ẹni tó ń fi omi nu ojú yín lójoojúmọ́? Ẹ má sọ irú ẹ̀ síta, àwọn èèyàn máa ní orí yín ti dàrú."

"Orí mi ò dàrú! Bi í! Bi í léèrè níwájú mi!"

"Ó tó, Àǹtí. Ó tó."

Kò bi í.

Ọ̀rọ̀ dé ìgboro, ó sì gbé ìwà ìgboro wọ̀. Wọ́n ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti ń bínú sí ìyàwó àbúrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ẹ ò rí i pé ẹni tó ń ṣìkẹ́ rẹ̀ ló tún ń bà jẹ́. Onídìrí sọ ọ́ lórí gbogbo irun tó di pé òun fojú ara òun rí bí ọmọ náà ṣe ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kí àrùn má baà ran ẹlòmíràn. Àwọn oníbàárà padà. Ẹni tó fi ìka méjì gbé búláòsì lọ gbé aṣọ mẹ́rin wá, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Awakọ̀ náà gbà pé Ìyàwó ò ní àrùn kankan, ó padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Àǹtí ò jẹ oúnjẹ tí Ìyàwó bá sè. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kó ara jọ sí igun bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá fẹ́ lọ sí balùwẹ̀, ògiri ló ń di mú, yóò fi ẹsẹ̀ gbá tábìlì, kò ní pe ẹnikẹ́ni. Àwọn aráàdúgbò ní ìgbéraga ni. Nígbà tó yá, Awakọ̀ ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò wọn ọkùnrin kejì, èyí tí àwọn ẹbí mìíràn tọ́ dàgbà, tó ń gbé níbi tó jìnnà, tí ilé rẹ̀ kún fọ́fọ́. Ní ti ojú òsì, dókítà ní bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, wọ́n lè yọ àwọ̀ kúrò kó tún ríran díẹ̀. Àbúrò kejì ní òun yóò mójú tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ ní gbogbo ìgbà tí Awakọ̀ bá béèrè, pé òun yóò mójú tó o, tọ́wọ́ òun bá dilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò dilẹ̀.

Ọjọ́ tó fẹ́ lọ, Ìyàwó ló di ẹrù rẹ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó tò ó, ó mú un lọ́wọ́ dé ìdí ọkọ̀. Lójú gbogbo èèyàn, Àǹtí jẹ́ kó mú òun lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Ṣé ó dùn mọ́ ẹ?" ni ó béèrè jẹ́ẹ́. Kò gbé ìbínú sí i. Ó dàbí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Ìyàwó ràn án lọ́wọ́ gun ọkọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé kí ilẹ̀kùn má baà há a.

Ó dùn mọ́ ọn. Òun nìkan ló mọ̀. Ó dùn mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, bí oúnjẹ ṣe ń dùn lẹ́yìn àìsàn ẹnu, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni adùn náà lọ, kò sí nǹkan tó wá rọ́pò rẹ̀. Awakọ̀ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a máa fọwọ́ kàn án létè, a ní, "Dárí jì mí, ó yẹ kí n ti gbà ẹ́ gbọ́." Ìyàwó a ní ó ti tán. Ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé ọkùnrin náà lè gba ohunkóhun gbọ́, bí ẹni tó sọ ọ́ bá ti sún mọ́ ọn.

Wọ́n ta bẹ́ǹṣì gígùn. Ìyàwó gbé máṣíìnì sójú fèrèsé yàrá iwájú, nítorí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára fún rírán aṣọ dúdú. Àwọn aláìsàn ò tètè gbọ́. Baba arúgbó kan kan ilẹ̀kùn ní àárọ̀ kan, ó fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú.

"Nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Wọn ò gbé ibí mọ́, bàbá. Ọsibítù wà lápá ibẹ̀ yẹn, ẹ máa lọ tààrà."

"Ẹnu mi ló ń ṣe báyìí báyìí. Ṣé ìwọ ò lè wò ó ni? Wọ́n ní ìwọ lo máa ń bá a mú iná."

"Mi ò mọ̀ ọ́n wò," ni Ìyàwó wí. Ó ti ilẹ̀kùn. Baba arúgbó dúró síta fúngbà díẹ̀, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ lọ lójú títì. Ìyàwó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó wá sísọ́ọ̀sì lórí tábìlì, ó fi gé òwú, kò fi ẹnu já a.